Imú Fàòsíyà

Lóṣù ààwẹ̀, nígbà tí àwọn obìnrin mùsùlùmí kì í lè tọ́ ọbẹ̀ wò kí oòrùn tó wọ̀, ìkòkò Fàòsíyà nìkan ni kì í ṣìṣe ní gbogbo agbo ilé wa ní Ilare. Àwọn yòókù á máa fi ojú wọn iyọ̀, ẹnu wọn ni yóò sì gba ìyà rẹ̀ nígbà ìṣínu. Fàòsíyà ní tirẹ̀ á ṣí ìkòkò, á tẹ̀ ba, á fa ooru rẹ̀ símú lẹ́ẹ̀kan, á ní, "Iyọ̀ ku díẹ̀." Bí ènìyàn ṣe ń gbọ́ òórùn iyọ̀, mi ò mọ̀, mi ò sì tíì rí ẹni tó lè ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n tó bá ti fi díẹ̀ yẹn sí i, ọbẹ̀ náà á dùn débi pé èmi tí mo jẹ́ ọmọ ìjọ, tí n kò gba ààwẹ̀ kankan pẹ̀lú wọn, n kì í jìnnà sílé nígbà ìṣínu.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́ imú náà níṣẹ́. Irú ni ìyá yẹn ń ṣe tà. Tí Fàòsíyà bá ti ilé ìwé dé, ìyá rẹ̀ á fi gèlè dì í lójú, á to àwọn igbá irú síwájú rẹ̀, á ní kó sọ èyí tó ti tó àti èyí tó kù díẹ̀. Tó bá ṣì í, kò ní jẹ ẹran lálẹ́ ọjọ́ náà. Fàòsíyà sọ fún mi pé òun ò jẹ ọbẹ̀ láìsí ẹran ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

Ẹni tó bá mọ oúnjẹ wa á mọ̀ pé imú ló ń sè é. Irú, ògì, fùfú, gbogbo ohun tí a ń rẹ sínú omi tàbí tí a ń dé mọ́lẹ̀ kó lè kan, èwo nínú wọn ló ní aago? Imú ni aago wọn. Fàòsíyà kì í sì í ra èyíkéyìí nínú wọn lọ́jà. Ó ń sẹ́ ògì rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń sá èlùbọ́ rẹ̀ sórí páànù, ó ń tẹ irú rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Àwa yòókù ń rò pé àṣejù ló ń ṣe é, títí ara ọkọ rẹ̀ fi dá a láre.

Abdulwahab ni orúkọ ọkọ náà. Mọ́tò ló ń wà fún yunifásítì títí ó fi fẹ̀yìn tì. Alhaji ni gbogbo wa ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìlọrin ni ibi tó jìnnà jù tó dé rí ní ọ̀nà Mẹ́kà. Dókítà ló sọ fún un pé àtọ̀gbẹ ń bá a jà, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n ní kó jìnnà sí ohun inú agolo àti ohun inú ọ̀rá, kó jìnnà sí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, oúnjẹ tí wọ́n bá fọwọ́ ara wọn sè nílé ni kó máa jẹ. Fàòsíyà gbọ́ ọ bí ẹni pé òun ni wọ́n kọ oògùn fún. Ó ní, "Ìkòkò mi ni yóò mú ọkọ mi pẹ́ láyé, lágbára Ọlọ́hun." Láti ìgbà náà ló ti ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, tó ń gé e, tó ń sá a, tó ń lọ̀ ọ́ ní èlùbọ́ fún ọkùnrin kan ṣoṣo. Alhaji fọn díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dán. Dókítà ní kí wọ́n máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Orí ìkòkò yẹn ni ẹ̀mí rẹ̀ wà, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú agbo ilé.

Lẹ́yìn náà ni ọdún Kòrónà dé. Ibà mú Fàòsíyà, ọ̀fìnkìn mú un, ó dùbúlẹ̀, ó sì dìde. Gbogbo ara padà sípò àfi imú. Imú wà lójú o, ó ń mí, kò kàn gbọ́ òórùn mọ́ ni. Ó gé àlùbọ́sà, omi bọ́ lójú rẹ̀, kò gbọ́ òórùn. Ó fi róòbù ra imú, ó ta á, kò gbọ́ òórùn. Ó ní bóyá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tó yá, ó ní bóyá lóṣù tó ń bọ̀. Kò sọ fún ẹnì kan nínú wa. Obìnrin tí ẹ̀mí ọkọ rẹ̀ wà nínú ìkòkò, tí gbogbo ilé sì mọ̀ pé imú rẹ̀ ló ń bá ìkòkò náà sọ̀rọ̀, ta ni kó sọ fún?

Irú ló kọ́kọ́ dójú tì í. Ó se é, ó tẹ̀ ẹ́, ó bó èèpo rẹ̀ dànù, ó tún un sè, ó dà á sínú igbá, ó fi ewé bò ó, ó fi àpò ìdọ̀họ bo ewé náà. Láyé ijọ́un, tó bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, imú á sọ fún un pé ó yá. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí ẹni tó sọ fún un. Irú náà tó, ó kọjá kó tó, ó di nǹkan mìíràn. Ewúrẹ́ ará ilé wa kan, Bàbá Láoyè, èyí tó máa ń sùn lẹ́yìn ilé ìdáná, kó àwọn ọmọ rẹ̀ sá kúrò níbẹ̀. Fàòsíyà jókòó ti igbá náà gan-an, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó ń fi ohùn kékeré kọ wákà.

Àǹtí Tẹniọlá ló wọlé bá a. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni, tó ń ta ẹ̀wà àti àgbàdo ní Sábó, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ àwọn alápatà tí wọ́n jọ ń tajà níbẹ̀ lọ. Ó fi ìborùn bo imú lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó, ta lo sin síbí?"

"Irú ni o, ẹ̀gbọ́n mi."

"Irú? Irú wo ló ní ìdin? Ìwọ ni o kò bò ó dáadáa ni, àbí ó ti kú kí o tó sè é?"

A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn wá. Fàòsíyà náà rẹ́rìn-ín, ó gbé igbá náà, ó lọ dà á sínú ihò ìdọ̀tí. Lẹ́yìn irú, ẹ̀wà ló kàn. Ó jókòó, ó kọjú sí ìkòkò, ó ń já ẹ̀fọ́, ẹ̀wà jóná títí ó fi di èédú níwájú rẹ̀. Èéfín igi ti kún ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ kò lè yà á sọ́tọ̀. Ògì rẹ̀ kan débi pé Alhaji mu ún bí ẹni mu àgbo. Bó ṣe di pé tí ohunkóhun bá ń rùn ní Ilare nìyẹn, ìbáà ṣe gọ́tà, ìbáà ṣe eku tó kú sí àjà, àwọn ọmọdé á ní, "Ìyá Roqeeb ti ń ṣe irú." Èmi náà máa ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu.

Èyí tí kò sẹ́ni tó lè gbàgbé ni ti ẹ̀fọ́. Roqeeb, àkọ́bí wọn, wá kí wọn láti Ìbàdàn pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ti fi epo pupa ránṣẹ́ láti oko, Fàòsíyà sì rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì kan tó mọ́ tónítóní. Kẹrosíìnì ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì yẹn tẹ́lẹ̀. Ojú kò lè mọ̀ ọ́n. Imú nìkan ló lè mọ̀ ọ́n. Ó fi epo náà se ẹ̀fọ́ ńlá, ó pe àwa ará ilé. Òkèlè kìíní wọlé, gbogbo wa wo ara wa. Òkèlè kejì, Roqeeb gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè.

"Màámi, ẹ̀fọ́ yìí, ṣé ènìyàn ló ń jẹ ẹ́ ni, àbí jẹnẹrétọ̀?"

Bàbá Láoyè ní, "Kí ẹnikẹ́ni má ṣáná sí mi lára lónìí o. Tí mo bá gùfẹ̀, màá gbiná!"

A rẹ́rìn-ín. Ìyàwó Roqeeb fi ìborùn pa ojú mọ́. Alhaji nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó jẹ tirẹ̀ tán, ó ní kí wọ́n bu sí i. Nígbà tí àwọn àlejò lọ, ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà, ó ṣí i, ó gbé e sábẹ́ imú ìyàwó rẹ̀. Fàòsíyà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi.

"Kí lo gbọ́?"

"Epo."

"Epo kí ni?"

Fàòsíyà tún fà á símú. Alhaji dé kẹ́ẹ̀gì náà padà, ó ní, "Ó dáa. Èmi ni màá máa gbọ́ ọ."

Láti ọjọ́ kejì ni ó ti gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Tí nǹkan bá fẹ́ jóná, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Tí irú bá ti tó, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Tí ohun kan bá ti bàjẹ́ tí kò ní àtúnṣe, á wúkọ́ kan gígùn, á sì fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. Bí àlejò ti wù kó pọ̀ tó, kò sí ẹni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ. Àwa rò pé èéfín ló ń dà á láàmú. Oúnjẹ Fàòsíyà sì padà dùn. Kí Ọlọ́run dárí jì wá, ẹ̀rín tí a ti ń fi í rín kò padà sẹ́yìn. Orúkọ irú ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Bàbá Láoyè máa ń pè é láti ojú ọ̀nà. "Alhaji! Ẹ̀yin ọkùnrin gidi, ìdí ààrò lẹ wá fẹ̀yìn tì sí? Ṣé kí a máa pè yín ní Ìyá Olóúnjẹ?"

"Iṣẹ́ mi àtijọ́ náà ni mò ń ṣe," Alhaji á ní. "Ẹlòmíràn ló di ọwọ́ ọkọ̀ mú. Èmi ń bá a wo ọ̀nà."

Báyìí ni wọ́n ṣe é títí ọyẹ́ èyí tó kọjá fi dé. Ọyẹ́ náà le, ètè ń la, ọmọdé ń fi òróró pa ẹsẹ̀. Alhaji sún àpótí rẹ̀ mọ́ iná. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun àlàásárì, oorun gbé e lọ níbi tó jókòó sí. Ẹ̀yinná kan já bọ́ láti ìdí ààrò, ó yí lọ sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó jó bàtà rọ́bà rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Àtọ̀gbẹ ti pa ẹsẹ̀ yẹn tipẹ́. Ẹ gún un lábẹ́rẹ́, kò ní mọ̀. Fàòsíyà wà níbẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń ro èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ lórí iná. Rọ́bà ń jó, awọ ń jó. Ẹni tó ní imú ń sùn, ẹni tó lajú kò ní imú.

Nígbà tí Alhaji jí, tó rí i, ó fi ẹsẹ̀ náà pamọ́ sábẹ́ jàlàbíà rẹ̀. Kò sọ ọ́. Ìgbà tó yá ló tó sọ fún wa pé tí òun bá sọ ọ́, Fàòsíyà yóò pa iná ààrò yẹn títí ayé, yóò sì máa pe ara rẹ̀ ní apani. Ó rò pé yóò jinná. Ó ń fọ̀ ọ́ níkọ̀kọ̀ nílé ìwẹ̀ nígbà àlùwàlá, ó ń fi àkísà dì í, ó ń fi ìbọ̀sẹ̀ bò ó. Ta ni yóò bi ènìyàn léèrè ìbọ̀sẹ̀ nínú ọyẹ́? Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, tí òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ, ẹ wo ohun tó ṣe. Ó pe ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Bá mi ṣe irú. Irú ń wù mí."

Fàòsíyà ṣe irú. Inú rẹ̀ dùn pé nǹkan wù ú jẹ. Àwa ará ilé gbọ́ òórùn, a ní, "Ó tún ti dé." A ti fèrèsé. Irú yẹn tán, ó tún ní kó ṣe òmíràn. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó sọ ọ́, hóró irú kò sí ní Sábó, Fàòsíyà sì ní kó ní sùúrù.

Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ìpàdé àdúrà ni mò ń lọ, mo wọ aṣọ funfun mi. Òórùn náà pàdé mi ní àárín ọgbà, ó sì tẹ̀lé mi títí dé ọ̀nà bí ajá. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹ̀rín tó, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ fún obìnrin yìí. Mo padà. Ó ń ṣa ẹ̀fọ́ nílé ìdáná. Ọkọ rẹ̀ wà lórí àpótí rẹ̀, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ búlúù.

"Ìyá Roqeeb," mo ní, "ẹ má bínú sí mi. Ẹ lọ da irú yẹn nù. Ó ti kọjá irú."

Ó gbójú sókè. "Irú wo?"

"Irú yín, tí gbogbo ilé ń gbọ́."

"Ìyá Fikáyọ̀, kò sí irú nílé mi. A ti jẹ ẹ́ tán láti ìjẹta."

Ó dìde, ó gbé igbá irú rẹ̀ láti orí pẹpẹ, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ níwájú mi. Ìyẹ̀fun eérú díẹ̀ ló já bọ́. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Roqeeb, ìyá Fikáyọ̀ ní nǹkan ń rùn. Ẹ ò wúkọ́."

Alhaji wo ilẹ̀. Èmi ò mọ̀ nígbà náà pé ìbéèrè ńlá ni obìnrin náà bi í. Mo kàn rí i pé ojú rẹ̀ kúrò lójú ọkùnrin náà, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sórí ìbọ̀sẹ̀. Àwọ̀ búlúù náà ti dúdú níbi àtẹ́lẹsẹ̀, eṣinṣin méjì sì wà lórí rẹ̀ nínú ọyẹ́ tí eṣinṣin kì í jáde. Nígbà náà ni Alhaji wúkọ́, ẹyọ kan, gígùn, ó sì fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀.

N kò dé ìpàdé àdúrà. Takisí ni a wọ̀ lọ sí ọsibítù. Awakọ̀ náà ṣí gbogbo fèrèsé, ó ń bá wa ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Dókítà tó tú àkísà náà kéré ju ọmọ mi lọ. Ó ní wọn yóò gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún, ó sì ní àwọn ì bá má gé ju ọmọ ìka lọ ká ní a ti tètè gbé e wá. Àǹtí Tẹniọlá dé láti Sábó, àpò ọjà ṣì wà léjìká rẹ̀. Ó bá wa ní kọ́rídọ̀, níwájú àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń ṣètọ́jú aláìsàn wọn.

"Ìwọ! Ìwọ tí ò ń sùn tì í! Òórùn tí èmi gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà ọsibítù, ìwọ ò gbọ́ ọ lórí bẹ́ẹ̀dì?"

"N kò gbọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n mi."

"O ò gbọ́ ọ! Ọmọ ìyá onírú! Ìwọ tí ò ń gbọ́ òórùn iyọ̀!"

Fàòsíyà kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ símẹ́ńtì yẹn. Ó ní, "N kò gbọ́ òórùn kankan mọ́ láti ọdún Kòrónà. Òun ló ń bá mi gbọ́ ọ. Ti ara rẹ̀ nìkan ni kò sọ fún mi."

 Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ẹ̀rín wa padà lọ́kọ̀ọ̀kan: irú, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ kẹrosíìnì. Mo sì rántí ohun tí Àǹtí Tẹniọlá fi bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀: ta lo sin síbí? Bóyá òun náà rántí. Ó sọ àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Ara Alhaji fẹ́ yá, lẹ́yìn náà kò yá mọ́; oró ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tó ṣì ń sọ̀rọ̀, wọ́n gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ ọsibítù wá fún un. Ó wo abọ́ náà, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Fàòsíyà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, débi pé nọ́ọ̀sì yíjú wò wá. Ó wí fún mi, "Ó ní ó ti jóná." Mo tọ́ ọ wò. Ó ti jóná lóòótọ́.

Ó kú láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà, bí ẹ̀sìn wọn ti wí.

Nígbà tí Fàòsíyà wọ ilé opó, àwọn ará ilé ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Ààrò rẹ̀ tutù. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ irú mọ́ ní Ilare. Tí gọ́tà bá ń rùn, gọ́tà ni a ń pè é. Mo gbé ẹ̀kọ lọ fún un ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ó jókòó sórí ẹní, ó gbé jàlàbíà ọkọ rẹ̀ kan lé itan, èyí tó ń wọ̀ lójoojúmọ́. Kò jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́.

"Ìyá Fikáyọ̀," ó ní, "àwọn ènìyàn ní òórùn òkú máa ń pẹ́ lára aṣọ rẹ̀. Àwọn opó ẹgbẹ́ mi ní àwọn ń gbọ́ tiwọn. Ẹ bá mi gbọ́ ọ. Ṣé ó wà níbẹ̀?"

Mo gba aṣọ náà. Mo bẹ Ọlọ́run kó wà níbẹ̀, kí n má baà parọ́ fún opó. Mo fi imú sí ọrùn rẹ̀, mo fi sí abíyá, mo fi sí etí ìsàlẹ̀. Òógùn kò sí níbẹ̀. Tùràrí tó máa ń fi pa ara lọ́jọ́ Jímọ̀ kò sí níbẹ̀. Alhaji ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ́ jù.

"Kí lẹ gbọ́?"

"Irú," mo ní. "Irú àti èéfín igi."

Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kékeré kan yọ lẹ́nu rẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Òun nìyẹn," ó ní. "Kò sí ẹlòmíràn."

Ó gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi. Ó tẹ orí ba, ó fà á símú lẹ́ẹ̀kan, bó ṣe máa ń fa ooru ìkòkò láyé ijọ́un. Mo dúró bóyá yóò gbọ́ ọ. Ó ká a, ó gbé e padà lé itan rẹ̀.